Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ni Yóò Fọ́ Àgbọn?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọdún Àjíǹde, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé ọdún yìí kò rí bákan náà lára gbogbo wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, kí a tó péjọ fún ìsìn alẹ́, mo yà kí màmá kan nínú ìjọ wa tí ọkọ wọn sùn nínú Olúwa láàárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì yìí. (Mo gbàṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ èyí.) Mo bá wọn lórí àpótí ní kíṣìnnì, ẹ̀wà wà nínú omi, àgbọn mẹ́ta wà nílẹ̀. Ọmọ Aguda ni wọ́n, nítòsí Campos Square ni wọ́n dàgbà sí, ìgbéyàwó ló gbé wọn dé ìjọ tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé kò sí Jímọ́ Rere fún ọmọ Aguda láìsí frejon: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn sè, tí wọ́n bu ṣúgà sí, tí wọ́n wá fi ẹja àti ọbẹ̀ ata jẹ. Àwọn baba ńlá wọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ló mú un bọ̀. Ẹ rò ó wò: ọjọ́ ọ̀fọ̀ Olúwa, oúnjẹ adùn.

Màmá wo àgbọn náà. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ta ni yóò fọ́ àgbọn?" Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, Bàbá ló máa ń fọ́ ọ.

Ó ku díẹ̀ kí n sọ ohun tí àwa àlùfáà máa ń sọ: "Ẹkún lè pẹ́ di alẹ́ kan, ṣùgbọ́n ayọ̀ ń bọ̀ ní òwúrọ̀." Mo gbé e mì. Òótọ́ ni Orin Dáfídì 30, àmọ́ a ti ń fi í pa ẹni tó ń sunkún lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé àwa la mọ ìgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́.

Ẹ ṣí Johanu 20. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Maria Magdalene dé ibojì. Peteru àti ọmọ-ẹ̀yìn kejì sáré wá, wọ́n rí aṣọ ọ̀gbọ̀, ẹsẹ 10 sì ní wọ́n padà lọ sílé wọn. Ó parí. Maria dúró lóde, ó ń sunkún. Ẹkún yẹn ló dá a dúró. Ká ní ó tètè nujú ni, ì bá ti délé kí Olúwa tó yọ sí i. Àwọn áńgẹ́lì bi í ìdí tó fi ń sunkún, Olúwa náà bi í, kò sí ẹni tó ní "ó tó gẹ́ẹ́." Àní ó rí Jesu, ó pè é ní olùṣọ́gbà, omijé kì í jẹ́ kéèyàn ríran. Ìgbà tí Ó pè é lórúkọ ló tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti pe oríkì rẹ̀ lórí rí kò nílò àlàyé mi lórí ìyẹn. Màmá ní, "Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Màmá. Bàbá nìkan ló kù tó ń pè mí ní Àjọkẹ́."

N kò rí èsì kankan fọ̀. Mo mú ọmọ odó, mo fọ́ àgbọn. Èyí àkọ́kọ́ fò mọ́ mi lọ́wọ́, omi rẹ̀ dà sí mi láṣọ látòkè délẹ̀. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá kì í fọ́ ọ báyẹn. Ẹ̀rín náà di ẹkún. Wọn ò dákẹ́, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rin àgbọn lọ.

Frejon náà dé ilé mi lọ́jọ́ Jímọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Àlhájà ojúlé kejì pẹ̀lú, bí Bàbá ṣe máa ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin àgbà obìnrin, ẹ̀yin lẹ lè ṣe ohun tí ẹnu mi kò gbà: ẹ lè pè wọ́n ní Àjọkẹ́. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má dán an wò o.) Ìjókòó kẹta lápá ọ̀tún, lẹ́bàá fèrèsé, ni wọ́n máa ń wà. Àyè ẹnì kan ṣófo níbẹ̀ báyìí.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.