Àbẹ̀kẹ́, má ṣe bẹ̀rù ikùn yẹn

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ 11 rèé tí o kò gbé ìpè mi. Àǹtí rẹ sọ fún mi pé, bí o ṣe ń bọ̀ lọ́wọ́ anorexia nervosa, àìsàn tí ó mú kí o máa fi ebi pa ara rẹ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, o tún ti ń dá oúnjẹ padà, nítorí pé ikùn rẹ ń yọ nígbà tí apá rẹ ṣì tín-ín-rín. Ara bàbá rẹ ti yá, a sì ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ọ̀rọ̀ ikùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bí oúnjẹ bá padà dé sí ara tí ebi ti pa pẹ́, ikùn àti àyíká ìbàdí ni ọ̀rá sábà máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Omi a máa dúró sí ara fún ìgbà díẹ̀, oúnjẹ kì í sì í tètè dà nínú ikùn tí ó ti pẹ́ láìrí iṣẹ́ ṣe. Bí ènìyàn bá dúró lórí ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́ fún nǹkan bí ọdún 1, ọ̀rá náà a máa pín ara rẹ̀ káàkiri. Ta ni ó wá kọ́ ọ pé kí o máa fi ara tí a ṣì ń tún ṣe lọ́wọ́ wé èyí tí a ti tún ṣe tán?

Èmi ni. Èmi ni mo ń pè ọ́ ní ọ̀rọ̀bọ̀ lójú àlejò, tí mo sì yìn ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ rù. Nígbà tí anorexia nervosa náà wá hàn sí gbogbo wa, mo ro àmàlà rẹpẹtẹ, mo sì jókòó tì ọ́ pé o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán. N kò mọ̀ pé oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa ẹni tí ebi ti bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ínsúlínì, èròjà tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, a ru sókè, a kó fọ́sífétì, èròjà tí ọkàn nílò láti ṣiṣẹ́, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn sì lè dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò nígbà tí wọ́n ń fi oúnjẹ kún oúnjẹ fún ọ díẹ̀díẹ̀. Dárí jì mí.

Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti kọjá. Nísinsìnyí, ara rẹ ń jó oúnjẹ bí iná ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n oúnjẹ tí ó mú ọ wúwo sí i lóṣù tó kọjá lè má tó mọ́. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, wọ́n fi ebi dán àwọn ọkùnrin 36 tí ara wọn le wò fún oṣù 6. Nígbà tí wọ́n padà sí oúnjẹ, ebi wọn kò lọ bọ̀rọ̀, ọ̀rá ara wọn sì kọ́kọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí ikùn náà yọ.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. N kò ní sọ ohunkóhun nípa ara rẹ. Gbé ìpè mi.

Ìyá rẹ.