Àkànní, kí o tó ra bitcoin yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé o fẹ́ máa yọ nínú owó oṣù rẹ ra bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò sí lọ́wọ́ báǹkì kankan. Bàbá rẹ kà á, ó ní tẹ́tẹ́ ni. Èmi ò ní bá ọ sọ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé USDT, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ni mo fi ń sanwó fún àwọn tó ń kó bàtà ránṣẹ́ sí mi láti Guangzhou ní China, láti ìgbà tí dọ́là ti di ohun àwátì ní báǹkì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o dì mú: nígbàkigbà, kí o lè tọ́ka sí ẹni tí owó rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí o kò bá lè tọ́ka sí i, má tẹ nǹkan kan mọ́ lórí fóònù yẹn.

Ibi tí wàá ti rà á ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní oṣù kejì 2021, CBN, báǹkì àpapọ̀ wa, pàṣẹ fún àwọn báǹkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto pa, ìyẹn bitcoin, USDT àti irú wọn. Bó ṣe di pé àwa ará ọjà ń rà á lọ́wọ́ ara wa nìyẹn, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ń pè ní P2P. Ìparí 2023 ni CBN tó dẹwọ́. Ní oṣù kẹjọ 2024, SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, fọwọ́ sí Quidax àti Busha, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta crypto, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di 2025, òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù fi crypto sábẹ́ àbójútó SEC. Binance, ọjà crypto ńlá ti òkè òkun tí gbogbo yín mọ̀, kógbá ọjà náírà rẹ̀ sílé ní oṣù kẹta 2024, lẹ́yìn tí òun àti ìjọba gbéná wojú ara wọn. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ báyìí ni kí o lọ. Lọ sí ojúlé SEC fúnra rẹ, kí o wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Líǹkì tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí Telegram, fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí o bá mú yóò béèrè NIN àti BVN, wọ́n á ní kí o wo kámẹ́rà, kí o yí orí sọ́tùn-ún sósì. Kò burú. Ẹni tí kò bá béèrè ẹni tí o jẹ́ ni kí o sá fún. Ṣùgbọ́n PIN rẹ àti OTP rẹ, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè wọn, ì báà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo fara mọ́ kí o fi náírà sínú áàpù wọn, kí o sì rà á lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn, bó bá tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, wàá ṣe P2P, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́. Má tìtorí pé ẹnìkan ń tà á ní pọ̀ọ́kú mú un. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó ti ṣòwò púpọ̀ parí, ni kí o mú. Tí o bá ti mú un, áàpù á ti crypto rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ á wá fi náírà ránṣẹ́ láti báǹkì rẹ sí àkáǹtì tó kọ síbẹ̀. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, náírà rẹ ti wà lọ́wọ́ àjèjì, crypto sì wà lọ́wọ́ áàpù: ìwọ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ bá ti orí áàpù mu. Bó bá ní "ti àbúrò mi ni", fagi lé e kí o tó sanwó. Tí o bá ti wá sanwó, má fagi lé e mọ́ láé, bó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń da òun láàmú. Bí o bá fagi lé e, crypto á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, náírà rẹ náà á sì wà ńbẹ̀. Inú áàpù ni kí ẹ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yín, kí ẹlẹ́rìí lè wà bí ìjà bá dé.

Ọjọ́ tí ìwọ bá ń tà ni kí ojú rẹ tún là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alert òfégè pọ̀ nígboro. Ẹnìkan ra bàtà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́sí, alert dún lórí fóònù mi, orúkọ báǹkì wà níbẹ̀, iye pé. Mo ní kó fi báàgì sílẹ̀ ná. Mo ṣí áàpù báǹkì, kò sí kọ́bọ̀. Ó ní òun ń lọ sí ATM, a ò tíì rí i dòní. Bí owó bá sì wọlé láti orúkọ tí kì í ṣe ti ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò, má tú crypto sílẹ̀. Fi tó áàpù létí, kí wọ́n bá ọ dá owó náà padà. Owó tí wọ́n jí gbé ló sábà máa ń jẹ́. Ọlọ́pàá á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé àkáǹtì rẹ, báǹkì á tì í, owó oṣù rẹ náà á sì há síbẹ̀.

Èyí tí o ti rà tó wà nínú áàpù, kò tíì délé. Alájọ ni wọ́n: káàdì wà lọ́wọ́ rẹ, owó wà lọ́wọ́ wọn. FTX, ọjà crypto ńlá kan ní òkè òkun, wó lulẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2022 nítorí pé wọ́n ń kó owó oníbàárà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti ọ̀gá wọn náà. Owó àwọn ọmọ Nàìjíríà há síbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán ọ̀gá náà, Sam Bankman-Fried, lẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 2024. Bí báǹkì wa bá wó lulẹ̀, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdúró fún owó inú báǹkì, á san owó rẹ fún ọ tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Kò sí NDIC fún crypto.

Nítorí náà, bó bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n tí yóò dùn ọ́ bó bá sọnù, gbé e lọ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì tìrẹ, áàpù tí ìwọ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Wọ́lẹ́ẹ̀tì náà á fún ọ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá ní in ló ni owó náà. Fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé, má ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ ẹ̀dà kan pa sínú àpòòwé, kí o gbé e wá fún mi kí n tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ òkè mi. Nígbà tí o bá ń gbé e, wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ọ̀nà tí crypto ń gbà lọ. Bó bá jẹ́ USDT, àdírẹ́sì Tron máa ń fi T bẹ̀rẹ̀, ti Ethereum máa ń fi 0x bẹ̀rẹ̀. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ ná, kó dé, kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ṣìnà, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ dá a padà.

Kò pọn dandan kó jẹ́ odidi kan lo máa rà. Bitcoin kan pín sí 100 mílíọ̀nù ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní satoshi. Ní oṣù kọkànlá 2021, iye bitcoin kan ju 68,000 dọ́là lọ. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ó já wálẹ̀ débi pé kò tó 16,000 mọ́. Ní oṣù kejìlá 2024, ó kọjá 100,000. Ẹni tó fi owó ilé rà á ní 2021 ti ní láti tà á nígbà tí onílé dé. Ẹni tó fi owó tí kò nílò rà á ló dúró rí 2024. Owó ilé rẹ àti owó ìwé àbúrò rẹ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Má sì yáwó rà á.

Ẹni tó bá ní òun á sọ owó rẹ di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kì í ṣe crypto ló ń tà. CBEX, áàpù kan tó ní òun ń bá èèyàn fi crypto ṣòwò, ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù àwọn èèyàn, iye owó ń gòkè lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ ta ló wà. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2025 tí wọn ò rí owó gbà mọ́, wọ́n ya bo ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn, wọ́n ń gbé àga.

Bí owó oṣù bá wọlé, ra ti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà péré. Tà á padà lọ́sẹ̀ kejì, kí o rí bí náírà ṣe ń padà sí báǹkì àti iye tí wọ́n yọ lọ́nà. Kọ ọjọ́ àti iye sínú ìwé, torí òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 kan èrè crypto náà. Lẹ́yìn náà, pè mí lálẹ́. Ariwo ọjà Balógun kì í jẹ́ kí n gbọ́ràn lọ́sàn-án.

Èmi ni ìyá rẹ.