Ẹ yẹ inú kẹ́ẹ̀gì wò kí ẹ tó bú sóyà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn èèyàn kan l'Ẹ̀pẹ́ báyìí ni pé òróró tí wọ́n ń fún lára irúgbìn, pàápàá ti sóyà, ló ń mú èèyàn sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tó sì ń jẹ́ kí ara kọ etí ikún sí ínsúlínì, èròjà inú ara tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, títí ṣúgà á fi kún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ká padà sí epo ọ̀pẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ kẹ́ẹ̀gì wò ná. Púpọ̀ nínú òróró tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà kì í ṣe ti sóyà rárá. Epo ọ̀pẹ ni, tí ilé iṣẹ́ ti yọ àwọ̀ àti òórùn rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Tó bá dì bí ògì, ti ọ̀pẹ ni. Ti sóyà á ṣì máa ṣàn. Ẹlòmíràn ń sá fún ohun tí kò jẹ rí!

Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàdédé wá o. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Riverside, ní California, fi òróró sóyà bọ́ eku. Wọ́n sanra ju àwọn tó jẹ òróró àgbọn lọ, ínsúlínì kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn. Ṣùgbọ́n eku nìyẹn. Lọ́dún 2014, ní Uppsala, ní Sweden, èèyàn 39 jẹ kéèkì kéékèèké ní àjẹjù fún ọ̀sẹ̀ 7. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ti àwọn kan, òróró sunflower, tí wọ́n ń fún lára irúgbìn bíi ti sóyà, ni ti àwọn yòókù. Bákan náà ni wọ́n ṣe sanra sí i, àmọ́ ọ̀rá tó wọnú ẹ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pẹ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ fíìfíì. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ ti ínsúlínì.

Ìwọ̀n ló yẹ ká máa sọ. Bí ti sóyà bí ti ọ̀pẹ, gíráàmù kan jẹ́ kálórì 9. Ìgò 75cl gba ṣíbí ìjẹun 50, ṣíbí kan sì tó kálórì 120. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń lo ìgò kan tán lọ́jọ́ méjì, ṣíbí márùn-ún ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: kálórì 600, ká má tíì ka ẹ̀bà.

Ẹja tí a rà l'Ọ́jà Olúwo ńkọ́? Bí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, ooru òróró á wálẹ̀, ẹja á máa mu epo dípò kó din. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà sínú agbada: bí kò bá hó, kò tíì tó, bó bá hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ máa din ín, bó bá ń rú èéfín, ó ti kọjá. Ẹ má kó ẹja kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ata gbẹ kí òróró tó wọ̀ ọ́. Ṣíbí mẹ́rin tó fún ìkòkò èèyàn mẹ́fà.

Ẹ̀sùn kan wà tó tọ́ sí sóyà: ó ń yára bàjẹ́ lórí iná ju ti ọ̀pẹ lọ. Èyíkéyìí tó bá ti ki, tó ń yọ ìfófòó, tó sì ń rùn kíkan, ẹ má fi din nǹkan mọ́.

Ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń tà á pẹ̀lú. Kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́ ti ń bàjẹ́ kó tó dé ilé oníbàárà. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòrí.

Òǹkàwé yín,
Ẹ̀pẹ́