Ẹ jẹ́ kí orin Sigur Rós parí

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti bàbá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta ń ti Peckham lọ sí Woolwich nínú mọ́tò. Rédíò fi orin Sigur Rós sí i, àwọn olórin Iceland tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Reykjavík lọ́dún 1994. Orin tó kẹ́yìn nínú àwo wọn ti ọdún 2002 ni, àwo tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ àkámọ́ méjì tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 12. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, atọ́kùn gé e, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò fẹ́ kí a sùn lọ, ló bá fi ìpolówó sí i.

Bàbá mi ní, "Ṣé ó ti tán ni?"

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an! Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin yẹn mọ bó ṣe máa ń rí: á rọra wọlé, ìlù á máa ga díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi ya lu ara wọn, tí onílù á máa lù ú bí ẹni pé awọ fẹ́ ya. Ìrìn yẹn gan-an ni orin náà. Ẹni tó gé e ní ìṣẹ́jú kẹrin ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ akéwì níbi tó ti ń júbà.

Àwọn ọ̀gá rédíò wọ̀nyí, owó ìpolówó nìkan ni wọ́n ń kà. Lónìí wọ́n á ní orin náà ń múni sùn, lọ́la wọ́n á ní ariwo lásán ni. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀, nígbà tí wọn kì í jẹ́ kó parí? Ọ̀pá onírun tí wọ́n fi ń ta sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn ńlá àwọn òyìnbó, ni Jónsi, olórin wọn, fi ń ha gìtá oníná. Nígbà tí a délé, mo fi àwo náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tó gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji dàgbà, ní, "Gòjé nìyí." Mo ní gìtá ni. Ó ní kí n má tan òun jẹ. Ṣaworo tó wà lára ìyáàlù ńkọ́, ta ló ń pe ìró rẹ̀ ní ariwo?

Ohun tí mo fẹ́ ni wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tí wọ́n á jẹ́ kí orin parí. Kí wọ́n ka gbogbo ìpolówó kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ pa èyí tó ń gbé ohùn kékeré sókè, tó sì ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni adùn orin yìí. Kí wọ́n pa èyí tó máa ń rò pé rédíò ti kú bí ibi gbogbo bá dákẹ́ náà. Láàárín orin kẹrin àti ìkarùn-ún nínú àwo yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 36 wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Kí atọ́kùn kàn sọ ṣáájú pé, "Ìdákẹ́jẹ́ ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ kan rédíò yín." Èwo ló ṣòro níbẹ̀?

Kí wọ́n tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn olórin náà. Kí ẹ̀yin oníwèé ìròyìn sì yé kọ "ariwo" sórí orin tí ẹ kò gbọ́ tán.

Bàbá mi jókòó títí àwo náà fi tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tún orin tó kẹ́yìn fi sí i. Àwa ní àwo náà nílé. Ẹni tó jẹ́ pé inú mọ́tò ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n gé e mọ́ ọn létí, kò tíì mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Peckham, London