Lẹ́tà Òpin Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Èsì ìdánwò ọmọ yín wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ni ti ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ SS2 bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí, torí àwọn kan nínú yín ti wá bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ni yóò máa bá wọn ṣe ìṣirò báyìí.

Rárá o. Orí ìwé ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ ká mú x² − 5x + 6 = 0. Ọmọ á fi bírò ṣe é títí á fi rí i pé 2 àti 3 ni ìdáhùn. Ìgbà náà ló tó kan Jupyter, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń tẹ àṣẹ, tí èsì rẹ̀ á sì jáde lábẹ́ àṣẹ náà. Á tẹ ìlà àṣẹ bíi mélòó kan síbẹ̀, á tẹ Shift àti Enter pọ̀, àwòrán á sì jáde: ìlà kọdọrọ kan tó gba orí ìlà ìbú kọjá ní 2 àti ní 3. Olùkọ́ á wá ní kí wọ́n fi 6.25 rọ́pò 6. Ìlà náà á gòkè díẹ̀, á kan ìlà ìbú níbì kan ṣoṣo, ní 2.5. Bí wọ́n bá fi 7 síbẹ̀, kò ní kàn án mọ́ rárá. Ọmọ tó ti ń há a sórí pé irú ìṣirò báyìí kò ní ìdáhùn ti fojú ara rẹ̀ rí ìdí nìyẹn. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà, inú mi dùn púpọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni Jupyter. Ọ̀fẹ́ náà ni SageMath, ètò ìṣirò tí onímọ̀ ìṣirò William Stein dá sílẹ̀ ní 2005, tí a ó fi kún un ní sáà kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà wọ́n fún yín, ẹ má rà á. Tí wọ́n bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà tán, wọn kò nílò dátà.

Òfin kan wà tí a kò fi ṣeré. Jupyter máa ń rántí ohun tí a ti ṣe sẹ́yìn. Ọmọ lè ti pa ìlà kan rẹ́, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí ìdáhùn má sì bá ohun tó wà lójú mu. Nítorí náà, kí ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún Jupyter bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo ìlà ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó bá dúró lójú ọ̀nà, a ó dá a padà.

Nínú ìsinmi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọ yín ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀. Ẹ kò nílò láti mọ ìṣirò. Bí àlàyé bá ti há sí i lọ́fun, ẹ ní kó padà sórí ìwé. Nínú ìdánwò WAEC, ìgbésẹ̀ náà ń gba máàkì, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè wá sí yàrá kọ̀ǹpútà wa ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá. Kò sí owó tí wọ́n máa san. Kí wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù wá.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìwé