Má jẹ́ kí wọ́n fọ owó Màmá

Ìtà Fájì, Èkó

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà? Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti gbé kóló Màmá wá. Wọ́n ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ gbogbo owó inú rẹ̀ kí ó dán, kí oníkọ́ńdẹ̀m̀ lè rà á lówó bàbà. Mo ní rárá. Ìpẹtà ara owó yẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n fi rọ ọ́. Ẹni tó bá bó o ti pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́.

O mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣe ń jẹ páànù ilé yín. Kò ṣàánú owó ẹyọ náà. Èyí tó bá yọ àwọ̀ ewé, bàbà wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìpẹtà pupa bá ń wú jáde lábẹ́ awọ bàbà, irin ni.

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn sípíkà rédíò kan tó ti kú. Kọ́bọ̀ kan ti 1973, ọdún tí náírà dé, kò dá a lóhùn: bàbà ni, tánganran (tin) díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan ti 1991 fò mọ́ ọn: irin ni, bàbà kàn bò ó lójú ni. Ibi tó dùn sí ni ti kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Èyí tó pupa, ti 1991, irin ni. Èyí tó funfun, ti 1973, òun ni bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Nickel, mẹ́táàlì funfun tí wọ́n pò mọ́ bàbà náà, ló sọ ọ́ di funfun. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí, nítorí àwọn funfun yẹn ni wọ́n ti fẹ́ kó dànù. Níbẹ̀ náà, nílùú Gẹ̀ẹ́sì, fi mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì yín wò ó: pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú 1992 kì í lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ìsinsìnyí ń lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣílè kan wà nínú kóló náà tó dúdú kirikiri, ti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pẹ ara rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀; ọdún rẹ̀ ti jẹ tán. Irú rẹ̀ láti 1913 fàdákà ni, kó tó di pé wọ́n fi idẹ rọ́pò rẹ̀ ní 1920. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè yanjú ìyẹn, nítorí kò gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ni mo bá yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìdúmọ̀tà. Owó náà lórí gbígbẹ jẹ́ gíráàmù 5.50. Mo gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi òwú rọ ṣílè náà sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n fi gíráàmù 0.53 lé e. Ìwọ̀n omi tí owó náà tì kúrò láyè rẹ̀ nìyẹn. Pín 5.50 sí 0.53, ó tó 10.4: ìyẹn ni iye ìgbà tí owó náà fi wúwo tó omi tó gba àyè kan náà. Idẹ kò lè débẹ̀, bàbà pàápàá kò pé 9. Fàdákà ni, Àlàbí! Nínú 1000, 925 ni fàdákà, ìyókù bàbà. (Tí o bá dán an wò, gbọn òwú náà dáadáa, afẹ́fẹ́ máa ń sá pamọ́ sínú ìpẹtà, á sì jẹ́ kí iye tí o bá rí lẹ́yìn pípín kéré ju bó ṣe yẹ.)

Kí oníkọ́ńdẹ̀m̀ máa kó àwọn ti 1991 lọ lówó irin, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní àwọn fẹ́ yọ́ ṣílè náà fi ṣe yẹtí. Èmi kò fara mọ́ ọn, àmọ́ owó ìyá yín ni, ẹnu mi kò tó o. Pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Rẹ̀mí