Ẹ tọ́ omi kànga wa wò kí ẹ tó fọwọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ọ̀nà àwọn ẹrú ní Gbẹ̀rẹ̀fù àti fàájì etíkun ni wọ́n máa ń sọ. Mi ò bá wọn jà. Àlejò ń náwó, àwọn ọmọ wa sì ń rí iṣẹ́ ṣe, látorí ẹni tó ń wakọ̀ ojú omi dórí ẹni tó ń ta àgbọn. Ṣùgbọ́n omi tí àwọn àlejò yìí ń lò ńkọ́? Abẹ́ ilẹ̀ kan náà tí àwa àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti ń fa tiwa ló ti ń wá.

Kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ sínú yanrìn ni a fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kì í gba àwáwí: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni a ń fi garawa pọn omi, tí a ń fi agolo onihò wọ́n ọn. Àsìkò yẹn gan-an ni èrò ń ya wá sí etíkun, Kérésì, ọdún tuntun, ìgbéyàwó lóríṣiríṣi. Ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí oko wa, wọn a fa omi kún adágún ìlúwẹ̀ẹ́, wọn a bomi rin koríko ojúde, wọn a fọ aṣọ ibùsùn lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ kànga-dẹ̀rọ̀ wọn a máa ké mọ́jú.

Omi òjò tó wọnú yanrìn etíkun ló léfòó sórí omi iyọ̀ bí epo ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ní bí ojú omi dídùn bá lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré, omi iyọ̀ lè gòkè tó mítà 40 nísàlẹ̀. Kànga tó jìn ni iyọ̀ yìí máa ń tètè dé, ṣùgbọ́n kò dá tiwa náà sí. Àwa tí a ń fi omi kànga wọ́n ẹ̀fọ́ là ń rí i: etí ewé á jó bí ẹni pé iná rà á, ilẹ̀ ebè á funfun, ọṣẹ kò ní hó mọ́. Ìyàwó ẹnìkejì mi lóko tiẹ̀ ń ṣàwàdà pé òun ò ní ra iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ ti jó, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ wa lọ́jà?

Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló jẹ̀bi o. Àwọn tó ń wa yanrìn wà ńbẹ̀, àwọn ilé tuntun tó ń yọ lọ́tùn-ún lósì náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé àdáni kan tó ń lo omi bí òtẹ́ẹ̀lì. Ìwádìí tí Tourism Concern, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́, gbé jáde ní 2012 lórí Zanzibar fi hàn pé ní àwọn abúlé etíkun bíi Nungwi, ìdílé kan kì í lo tó 100 lítà lójúmọ́, nígbà tí yàrá kan ṣoṣo ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ń lo ju 3,000 lọ. Erékùṣù ni tiwọn, etíkun oníyanrìn ni tiwa. Ẹni bá fẹ́ jiyàn, kó máa jiyàn.

Òfin àyíká ìpínlẹ̀ Èkó ti 2017 ti fi kànga-dẹ̀rọ̀ olówò sábẹ́ ìwé àṣẹ. Kí wọ́n lò ó. Kí wọ́n de ẹ̀rọ tó ń ka omi mọ́ kànga gbogbo òtẹ́ẹ̀lì etíkun, kí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ sì padà sórí koríko wọn dípò kí wọ́n tún fa òmíràn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ díwọ̀n iyọ̀ inú kànga àwọn abúlé tó yí ilẹ̀ kan ká kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo wa ti lè kà á.

Bí ẹ bá fẹ́ rán oníròyìn wá, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Fẹ́búárì ni kó wá. Bó bá dúró di oṣù Júùnù, òjò á ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì dà bí òpùrọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan,
Àgbádárìgì